Ẹ̀jẹ̀ Mi Lọ́wọ́ Kò-Sí-Wàhálà

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ ni Má-Fọwọ́-Kàn-Mí. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn jà sí i, torí ìwà mi ló bí orúkọ náà. Káfíńtà ni mí. Èmi ni mò ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí, èmi náà ni mò ń tú u nígbà tí kọnkéré bá gbẹ. Ẹni tó bá sì ń fi ìṣó àti ayùn jẹun, kò lè ṣe kó má gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí mi, kọ̀rọ̀ ni mò ń sá lọ. Màá fi omi fọ̀ ọ́, màá dì í fúnra mi, màá ká àkísà tó ní ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀rá, màá sì gbé e lọ sílé nínú àpò irinṣẹ́ mi. Ẹni tó bá sáré wá pé òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, màá jágbe mọ́ ọn débi tí yóò gbàgbé ohun tó bá wá.

Wọ́n ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní káfíńtà yìí ń ṣe bí ẹni tí wọ́n bí sórí ìtẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, torí ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní agbéraga ju kí wọ́n mọ òótọ́ lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì B. Ó ti lé ní ọdún méje tí mo ti mọ̀. Kò dá mi dùbúlẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń gun àkàbà, ẹẹ̀mejì lọ́dún ni mo sì ń lọ yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò. Kì í ti inú abọ́ oúnjẹ ran èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti ara bíbọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ àti ìyàwó. Ìyàwó mi ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí n tó fẹ́ ẹ, ọmọ wa sì gba tiẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i.

Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo finú han ọ̀gá mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo wọn ti gbọ́. Wọ́n ya ife kan sọ́tọ̀ fún mi, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i nídìí. Àwọn tí a jọ ń jẹun wá ń dúró kí n jẹun tán kí wọ́n tó bu tiwọn. Nígbà tó di Sátidé, ọ̀gá ní iṣẹ́ ti dínkù. Irọ́ ni, iṣẹ́ ò dínkù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, káfíńtà mìíràn ló wà níbi tí mo máa ń dúró sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé ẹnu mi ò tún ní sọ ọ́ mọ́ níbi iṣẹ́ kankan.

Bí mo ṣe dé ilé alájà mẹ́rin tí a ń kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti bá Kò-Sí-Wàhálà pàdé. Bíríkìlà ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Tí ògiri bá wọ́, á ní kò sí wàhálà. Tí òjò bá rọ̀ sí sìmẹ́ńtì, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ tún bí ìbejì, lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́kọ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun nìkan ni kì í bínú tí mo bá jágbe mọ́ ọn.

Ọwọ́ bíríkìlà yàtọ̀ sí tàwa yòókù. Sìmẹ́ńtì ń jẹ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ Kò-Sí-Wàhálà ti sán láti orí ìka dé ìdí ọwọ́, tó bá sì na ìka rẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á yọ lójú ibi tó là. Òróró ló fi ń pa á láràárọ̀ kó tó lè di irin ìmọlé rẹ̀ mú.

Ẹ tún gbọ́ ìwà wa kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò dì í mú, ọwọ́ lásán ni yóò sì fi dì í. Á bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ, á dà á sójú ọgbẹ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní òun ń wá ìbọ̀wọ́, wọ́n gbà pé ó ń kórìíra ẹni tó ṣèṣe ni. Ìyá Sítọ́ọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú irinṣẹ́ wa, sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Èsì tí wọ́n fún un ni, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá ẹni ló wá di ohun ìríra, Ìyá Sítọ́ọ̀?" Ìbọ̀wọ́ ọ̀hún wà o, páálí kan gbáko, nínú àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn akunlé ti ń kó o lọ fi po ọ̀dà, ni fọ́máànù bá fi àgádágodo sí àpótí náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀ nìkan ló ń ṣí i.

Ọjọ́ Túsìdeé kan ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Mo wà ní àjà kẹta, mò ń tú pákó abẹ́ kọnkéré. Pákó kan gan, mo fi irin gbọọrọ ti i, ó ta lójijì, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Irin kan yọ jáde lára òpó. Apá òsì mi ló lọ bá a, ó sì ya ẹran ara mi láti ìgúnpá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ọwọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ kì í ṣe "Yéè." Ohun tí mo sọ ni, "Ẹ má sún mọ́ mi!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìṣe mi ni. Kò-Sí-Wàhálà ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ irin ìmọlé rẹ̀ nù, ó fò wá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá apá mi mú. Mo ta á nípàá.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ lọ wọ ìbọ̀wọ́ ná!"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lápò fọ́máànù, fọ́máànù sì ti lọ ra irin. Kí n máa wò ẹ́ níran kí ẹ̀jẹ̀ rẹ tán ni? Dákẹ́ jẹ́ẹ́."

Ó bu sìmẹ́ńtì, ó dà á sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Òun ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀, òun ló tì mí sínú ọkọ̀ tó gbé yanrìn wá. Ogún ìṣẹ́jú la fi wà lọ́nà, kò tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Mò ń wo ẹ̀jẹ̀ mi bó ṣe ń wọnú ojú ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti là. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ìrora ni.

"Kò sí wàhálà, àbúrò," ló ń sọ fún mi. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ó bu omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ̀ lé ọkọ̀ yanrìn padà sẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí jẹ́ àgbàlagbà obìnrin. Kó tó fọwọ́ kàn mí ni mo ti sọ ohun tó wà lára mi fún un, torí n kì í fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú mi. Kò fajú ro. Ó ní, "O ṣeun tí o sọ, ṣùgbọ́n bí o ò bá tiẹ̀ sọ, bákan náà ni mo máa ṣe. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni mo ń wọ ìbọ̀wọ́ fún." Ó fọ sìmẹ́ńtì kúrò lójú ọgbẹ́, ó sì ń bú àwa òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Ó ní ohun tó ń jẹ ọwọ́ bíríkìlà la tún ń dà sínú ẹran ara tó ṣí sílẹ̀, pé ta ló kọ́ wa nírú ìṣègùn bẹ́ẹ̀? Ó rán an ní ojú mọ́kàndínlógún. Lẹ́yìn náà ló mú bírò.

"Ta ló di apá rẹ mú wá síbí?"

"Àwọn èèyàn ni, mà."

"Ṣé wọ́n wọ ìbọ̀wọ́?"

"N ò fiyè sí i."

Ó fi bírò sílẹ̀, ó wò mí. Irọ́ tí mo pa ti hàn lójú mi.

"Gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá wọ ibi tí ara ẹnìkan ti bó tàbí tó ti là, abẹ́rẹ́ wà tí a lè fún un kí àrùn yẹn má bàa ráyè dúró sí i lára. Bí a bá ṣe tètè fún un ló ṣe máa ṣiṣẹ́ sí. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la tó lù ni kó ti wà níwájú mi. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó ṣì máa bọ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Èmi ò ní lọ kígbe ọ̀rọ̀ rẹ níbi iṣẹ́ yín. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Mo lọ sílé. Ìyàwó mi ń ká aṣọ tó ti gbẹ nígbà tí mo wọlé. Ó rí apá mi, ó figbe ta, ó bá mi jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Kò-Sí-Wàhálà ti dì mí mú, ó dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

"Kí lẹ wá ń ṣe nílé?" ló bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo rán an létí ife ọlọ́dà pupa. Mo ní owó ilé ń bọ̀, mo ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Mo ní bóyá kò tilẹ̀ kó o, ṣebí ó ṣan ọwọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi," ló wí, "ẹ sọ fún mi kí ẹ tó fọwọ́ kan ìka mi. Ìyẹn ni mo rí tí mo fi gbà. Ẹ̀gbọ́n tó di yín mú yìí, kí ló fi ṣẹ̀ yín?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kì í ṣe òun ló máa tún ru àpò irinṣẹ́ kiri láti wá iṣẹ́. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Inú bí mi sí i gan-an, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi kò tilẹ̀ sọ òkò kankan, ó sì ti lọ bá ẹni tó fẹ́ràn mi jù níbi iṣẹ́.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ẹnu iṣẹ́. Ẹ má rò pé ọkùnrin ni mí lọ́jọ́ náà. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò. Kò-Sí-Wàhálà wà lórí pẹpẹ pákó, ó ń to búlọ́ọ̀kù. Mo dúró nísàlẹ̀, mo sì pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ wá gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?"

"Ti… irin tó dípẹtà."

"Irin ò gún mi. Ìwọ ló gún. Ṣé wọ́n máa ń bá èèyàn gba abẹ́rẹ́ ni? Lọ sinmi, ó jọ pé oògùn ń ṣe ẹ́."

Ó bu sìmẹ́ńtì, ó tẹ́ ẹ, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Mo rìn síwá, mo rìn sẹ́yìn. Mo wo aago, ó ti di mẹ́jọ. Mo tún wò ó, mẹ́jọ àbọ̀. Mo fi ọwọ́ kan gun àkàbà lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín. Àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ti pẹ́. Ìdí tí n kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí nìyẹn. Ọwọ́ yín là, ẹ̀jẹ̀ mi sì wọ̀ ọ́ lánàá. Ẹ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù."

Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan dání. Ó gbé e kalẹ̀ lórí ògiri, ó wọ́, kò sì tún un ṣe. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìyàwó mi àti àwọn nọ́ọ̀sì nìkan."

"Mo fi ọwọ́ yìí gbé àwọn ìbejì lánàá," ló wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi gbójú sókè. "Mo fi ọwọ́ yìí gbé àwọn ọmọ mi! Ọdún mẹ́ta la jọ ń jẹun! O ní àrùn ẹ̀dọ̀, o ò lè sọ fún mi? Kí lo rò pé màá ṣe fún ẹ?"

Gbogbo ibi iṣẹ́ gbọ́. Mo dúró lórí pákó bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò dúró dè mí, ó sì ń lọ ọ̀nà ilé ìwòsàn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lára. Mo sáré tẹ̀ lé e. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan láti dènà àrùn náà lójú ẹsẹ̀, èkejì àjẹsára tí yóò gbà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kó sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pé ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ó bọ́. Ó sọ fún un pé kó máa gbé ọmọ rẹ̀, pé gbígbé ọmọ kì í kó o ràn wọ́n. Kò-Sí-Wàhálà ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, fọ́máànù pe gbogbo wa jọ. Mo ti kó irinṣẹ́ mi sápò, torí mo mọ bí orin náà ṣe ń lọ. Àwọn méjì ti sún kúrò níbi tí mo jókòó sí. Akunlé kan ní kí wọ́n kúkú sọ fún mi kí n máa lọ sílé, kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Ìyá Sítọ́ọ̀ ló dìde.

"A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá," ló wí. "Ẹni tó sọ tiẹ̀ ni ẹ fẹ́ lé. Ẹni tí kò sọ ńkọ́? Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ ńkọ́? Ta ló ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò rí níbí? Ẹ nawọ́, kí n rí yín."

Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Akunlé náà wolẹ̀.

"Ẹ lè lé káfíńtà lọ," ló tún wí, "ṣùgbọ́n káfíńtà kọ́ ló fi àgádágodo sí ìbọ̀wọ́."

Fọ́máànù ti kọwọ́ bàpò, a sì ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń ró níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lọ sínú sítọ́ọ̀, ó ṣí àpótí, ó sì ju àgádágodo náà sínú gọ́tà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àpótí ti wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀, aṣọ mímọ́ tí a fi ń tẹ ọgbẹ́ wà níbẹ̀, bílíìṣì tí a ń dà sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí wà níbẹ̀, ọ̀rá tí a ń di àkísà sí náà sì wà. Òfin kan ni fọ́máànù ṣe: ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá, ìbọ̀wọ́ la ó fi fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú sí i. Nọ́ọ̀sì wá gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Akunlé yẹn ló kọ́kọ́ tò síwájú, òun náà ló pariwo jù.

Wọn ò lé mi. Inú mi ò sì dùn, torí Kò-Sí-Wàhálà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ pákó, á rán ẹlòmíràn sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun ti gbọ́, ó sì kọjá lọ. Ó dá lọ gba àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé kì í sọ gbólóhùn rẹ̀ yẹn mọ́, tí ògiri bá wọ́, á kàn wó o, á tún un mọ. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí mo jí tí n kò rò ó pé bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ́ pákó, mo rí òjìji Kò-Sí-Wàhálà níwájú mi.

"Ọ̀la ni wọ́n máa yẹ̀ mí wò fún ìgbà ìkẹyìn," ló wí. "Bá mi lọ."

A lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí a dúró. A jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn aláìsàn mìíràn. Mo sún mọ́ ọn. Kò sún kúrò. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó jókòó padà, mo sì di apá rẹ̀ mú títí a fi wọlé.

Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀. "Kò sí i lára yín," ló wí. "Ẹ ti bọ́. Àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló kù, ẹ jẹ́ kí n gún un báyìí."

Mo dúpẹ́ títí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri. Mo rò pé òun náà máa fò sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ó padà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo àwọn tó ń wọlé.

"Oṣù mẹ́fà," ló wí. "Wọ́n ní kí n máa gbé àwọn ọmọ mi, n ò lè gbé wọn. Ìyàwó mi ń sunkún, n ò lè dá a lóhùn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, inú rẹ ló ń bí mi."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí yẹn, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ká ní o ò sí níbẹ̀, mi ò bá má wọlé, mi ò bá sá lọ sílé." Ó yíjú sí mi. "Lọ́jọ́ tí ìwọ gbọ́ tìẹ, ta ló bá ẹ wọlé?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, títí kan ìyàwó mi.

"Èmi nìkan ni," mo wí. "Mo gba ìwé, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ kan pákó."

Mo sunkún lórí bẹ́ńṣì yẹn ju ọjọ́ tí apá mi ya lọ. Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó dúró kí n sun ún tẹ́rùn.

"Ìgbà wo lo tún máa lọ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ wò?" ló bi mí.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Màá ti wà lórí bẹ́ńṣì yìí ní aago méje àbọ̀," ló wí. "Má pẹ́."